Sharp: ìtumọ̀ rẹ̀ àti bí a ṣe ń lò ó ní èdè Yorùbá

Irú ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ àpèjúwe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.
Ìtumọ̀ ní ṣókí: mú, ṣóńṣó, gún, ta, kan, já fáfá, lójijì, kedere, gẹ́lẹ́. Èyí tí a ó mú nínú wọn dá lórí ohun tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ kékeré, tó wá sharp níbẹ̀, yóò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: mú. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó jọ, èdè Yorùbá ti pín in fún ọ̀rọ̀ púpọ̀, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀bẹ ń mú, ata ń ta, ọsàn ń kan, ìrora ń gún. Ẹni tó bá fi mú rọ́pò gbogbo wọn yóò sọ Yorùbá tí Yorùbá kò ní gbọ́. Nítorí náà ni àlàyé yìí ṣe gùn ju ti àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Inú oko, agbẹ̀dẹ, ilé ìdáná àti ilé ìwòsàn ní agbègbè Òkè-Ògùn, láàrin Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, ni a ti mú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀.

ORÍSUN Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ọ̀rọ̀ àtayébáyé ni sharp nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Scearp ni wọ́n ń kọ ọ́ ní ìgbà láéláé. Ìbátan rẹ̀ ni scharf ní èdè Jámánì àti scherp ní èdè àwọn ará Netherlands. Àwọn ará Jámánì a tún máa lo scharf fún oúnjẹ tí ata rẹ̀ pọ̀. Èyí fi hàn pé oníkálukú èdè ló ń yan ibi tí yóò na ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Ohun tí Jámánì fún scharf ṣe, Yorùbá kò fún mú ṣe é: ọbẹ̀ tí ata pọ̀ nínú rẹ̀ kò mú, ó ń ta ni.

ÀWỌN ÌTUMỌ̀

1. Ohun èlò tí ojú rẹ̀ lè gé nǹkan: mú.

Èyí ni ìtumọ̀ ìpìlẹ̀. Ọ̀bẹ, àdá, àáké, ọkọ́, dòjé, idà àti abẹ ni a sábà máa ń sọ pé ó mú tàbí pé kò mú. Ojú ohun èlò náà ni ó ń mú. Nítorí náà a lè sọ pé “ojú àdá yìí mú”. Bí ó bá ti ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a ó ní “ojú rẹ̀ ti kú”. Ẹni tó fẹ́ kí ó padà mú yóò pọ́n ọn lórí òkúta tàbí kí ó gbé e lọ sí agbẹ̀dẹ.

Ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ fún ìyá mi mú bí abẹ.
Àdá tí kò mú ń dá àgbẹ̀ lágara.
Pọ́n àdá rẹ kí ó mú kí o tó lọ sí oko.

Ìlú tí iṣẹ́ agbẹ̀dẹ ti lórúkọ ni Ṣakí. Ẹni tó bá jókòó sí agbẹ̀dẹ fún wákàtí kan yóò rí i pé mímú kì í ṣe ohun tí irin bí mọ́ra. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ewìrì fẹ́ iná títí irin yóò fi pọ́n, wọ́n á fi ẹmú dì í mú, wọ́n á lù ú títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á rì í bọ omi kí ó le, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó pọ́n ọn. Rọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, pọ́n ni ìkẹyìn. Kí òǹkàwé má ṣe da àwọn méjèèjì pọ̀: ẹni tó rọ ọ̀bẹ ni ó dá a sílẹ̀, ẹni tó pọ́n ọn ni ó jẹ́ kí ó mú.

2. Ohun tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín tó lè gún nǹkan: mú, mú ṣóńṣó, rí ṣóńṣó.

Abẹ́rẹ́, ẹ̀gún, ọfà, ọ̀kọ̀ àti èékánná ẹyẹ àṣá wà ní ìsọ̀rí yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi ìyàtọ̀ sí ohun tó ń gé àti ohun tó ń gún; sharp ni ó pe àwọn méjèèjì. Ní èdè Yorùbá, mú lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, ṣùgbọ́n ṣóńṣó kò lè kúrò lọ́dọ̀ ohun tó ní orí tín-ín-rín. A kì í sọ pé ojú ọ̀bẹ rí ṣóńṣó, àfi bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa orí rẹ̀.

Ẹ̀gún tó gún mi lẹ́sẹ̀ mú ṣóńṣó.
Wọ́n gbẹ́ ẹnu igi náà títí ó fi rí ṣóńṣó.

Ibi tó ga jù lọ lórí òkè náà ni à ń pè ní ṣóńṣó orí òkè. Àwọn ará Ṣakí tí òkè Aṣabari wà lẹ́bàá wọn kò nílò àlàyé lórí èyí.

3. Ojú tàbí etí tó ń tètè rí tàbí gbọ́: mú; dá ṣáká.

Ojú ọdẹ náà mú. Láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti rí ẹtu.
Etí ajá mú ju ti ènìyàn lọ.

Ṣíṣọ́ra jẹ́ ohun mìíràn. Bí a bá fẹ́ sọ pé kí ènìyàn má ṣe sùn lọ, kí ó máa wo ọ̀tún wo òsì, “wà lójúfò” ni a ó lò, kì í ṣe mú.

4. Ọpọlọ tàbí òye tó yára: já fáfá, gbọ́n ṣáṣá, ọpọlọ rẹ̀ pé, ó ní ojú inú.

Ìwọ̀n ni a ó fi mọ èyí tó yẹ nínú àwọn wọ̀nyí. Ọmọ tó ń yára lóye ohun tí a kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ sì yá sí iṣẹ́, ó já fáfá. Ẹni tó lè rí ohun tí ojú lásán kò rí nínú ọ̀rọ̀, ó ní ojú inú. A lè gbọ́ “ọpọlọ rẹ̀ mú” lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n “ọpọlọ rẹ̀ pé” ni àwọn àgbà yóò sọ.

Ọmọbìnrin náà já fáfá, kò sí ìṣirò tó le fún un.
Ojú inú tí ìyá àgbà ní ni ó fi mọ̀ pé ẹni náà ń purọ́.

5. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń dunni: ẹnu rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn.

Kíyè sí i pé ẹnu ni ó ń mú, ọ̀rọ̀ ni ó ń gún. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú lè jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì lè jẹ́ ẹni tó máa ń bú ènìyàn. Àyíká ọ̀rọ̀ ni yóò sọ èyí tí a ní lọ́kàn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a bá sọ pé ahọ́n rẹ̀ sharp, èébú ni a ní kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà kí atúmọ̀ èdè má ṣe gbà pé ìyìn tó wà nínú ti Yorùbá wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì.

6. Ìrora: gún, ta, já. Ẹ wo àkíyèsí pàtàkì nísàlẹ̀.

7. Adùn àti òórùn: ta, kan, le.

Ata ń ta lẹ́nu. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń kan. Ọtí líle ni a ń sọ pé ó le. Òórùn tó ń gbóná wọ imú, bí irú èyí tí ó máa ń jáde nígbà tí a bá ń dín ata, a ó ní ó ń ta sí ni nímú. Nínú gbogbo wọn, mú kò sí níbẹ̀ rárá.

8. Ojú ọjọ́: mú.

Ibí ni Yorùbá ti na ọwọ́ jù Gẹ̀ẹ́sì lọ. Oòrùn ń mú ganrínganrín. Òtútù ń mú. Ọyẹ́ ń mú. Gẹ̀ẹ́sì lè lo sharp fún òtútù àti afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò lò ó fún oòrùn. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bí Òkè-Ògùn, tí igi kò pọ̀ bí ti igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, gbogbo ènìyàn ló mọ oòrùn tó mú, wọ́n sì mọ ọyẹ́ tó máa ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì.

Kí a ṣọ́ra: “òtútù mú” túmọ̀ sí pé òtútù náà pọ̀, ṣùgbọ́n “òtútù ń mú mi” túmọ̀ sí pé òtútù gbá mi mú. Mú àkọ́kọ́ kò ní ẹni tó ń gba iṣẹ́, èkejì ní.

9. Ìyípadà òjijì: lójijì, fò sókè, já wálẹ̀.

Bí owó gaàrí bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé ó lọ sókè sharply. Yorùbá kò ní sọ pé owó náà mú. “Owó gaàrí fò sókè lójijì” ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́nà ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ “kọ́nà mímú” sórí pátákó ojú ọ̀nà kò tíì kìlọ̀ fún awakọ̀ kankan. “Ọ̀nà yóò yí lójijì níwájú, ẹ rọra sáré” ni yóò gba ẹ̀mí là.

10. Àwòrán tó hàn dáadáa: hàn kedere, mọ́ kedere.

Àwòrán tí fóònù tuntun náà yà hàn kedere.

11. Àkókò gan-an: gẹ́lẹ́, gan-an.

Agogo mẹ́jọ gẹ́lẹ́ ni ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀.

12. Aṣọ wíwọ̀ tó fani mọ́ra: gbáfẹ́, aṣọ náà bá a mu.

Ọkùnrin tó wọ aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn tuntun, tí fìlà rẹ̀ sì jókòó dáadáa, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé ó sharp. Yorùbá yóò sọ pé ó gbáfẹ́, tàbí pé aṣọ náà bá a mu. Kíyè sí mu tó wà nínú “bá a mu”: ohùn àárín ni ó wà lórí rẹ̀, kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú mú.

13. Ọgbọ́n àrékérekè: ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, jìbìtì, màkàrúrù.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá pe òwò kan ní sharp practice, kì í yin oníṣòwò náà. Ọgbọ́n tí ó wà ní etí òfin ni, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di olè. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “ìṣe tó já fáfá” ti sọ èébú di oríkì.

14. Orin àti kọ̀ǹpútà.

Nínú ìwé orin, ♯ ni àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀, ní ìdajì ìṣísẹ̀ kan. Sharp ni wọ́n ń pè é. Yorùbá kò ní orúkọ mìíràn fún un tó tàn kálẹ̀, nítorí náà àwọn akọrin a máa pè é ní ṣáàpù. Láti inú àmì yìí ni Microsoft ti fa orúkọ èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000 yọ, èyí tí a ń kọ báyìí: C#. Nítorí pé àmì orin kò sí lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, àmì nọ́ńbà tó jọ ọ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé tó kọ́kọ́ rí i máa ń rò pé èdè náà mú bí ọ̀bẹ ni. Orin ni ó ti wá.

Ọ̀RỌ̀ ÀYÁLÒ: ṢÁÀPÙ

Ní ojú pópó, ní ibùdókọ̀ àti láàrin ọ̀dọ́, ṣáàpù ti wọ Yorùbá. “Ó ṣáàpù” túmọ̀ sí pé ojú rẹ̀ là, kò ṣeé tàn jẹ. “Ṣáàpù-ṣáàpù” túmọ̀ sí kíákíá, ó sì ti inú Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Nàìjíríà wá, níbi tí a ti ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fi agbára kún un, bí Yorùbá náà ti ń ṣe. Kò yẹ kí a lò ó nínú ìwé tàbí níwájú àwọn àgbà. Kíákíá, wéréwéré àti já fáfá wà níbẹ̀, wọn kò sì tíì gbó.

GÍRÁMÀ

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni sharp, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe ni mú. Inú ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń jáde.

Sọ pé: Ọ̀bẹ náà mú.
Má sọ pé: Ọ̀bẹ náà jẹ́ mímú.

Gẹ̀ẹ́sì nílò ọ̀rọ̀ kan láti so ọ̀bẹ mọ́ sharp. Yorùbá kò nílò rẹ̀, nítorí mú fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí a bá fẹ́ fi yán ọ̀rọ̀ orúkọ, a ó sọ ọ́ di mímú: ọ̀bẹ mímú, àdá mímú. Fún ìfiwéra, a ó sọ pé “ó mú ju tèmi lọ”. Fún èyí tó ga jù, “òun ló mú jù”. Fún òdì, “kò mú”. Fún orúkọ, a lè sọ “mímú ọ̀bẹ náà”, ṣùgbọ́n “bí ọ̀bẹ náà ti mú tó” ni ó máa ń dùn létí jù.

Bí mú bá ní ohun tó ń gba iṣẹ́ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà pátápátá:

Ọ̀bẹ náà mú. (Ojú rẹ̀ lè gé nǹkan.)
Ó mú ọ̀bẹ náà. (Ó gbé e lọ́wọ́.)

ÀKÍYÈSÍ PÀTÀKÌ: ÌRORA

Èmi tí mo kọ àlàyé yìí, iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Ní ìgbà kan, mo ń kọ àwọn ìbéèrè tí aláìsàn yóò máa dáhùn lórí fóònù kí ó tó wọlé bá nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè kan fẹ́ mọ irú ìrora tí ó ń ṣe aláìsàn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì wà níbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni sharp. Mo wo ìwé atúmọ̀, mo rí mú, mo kọ “ìrora mímú”, mo kọjá lọ. Nígbà tí ó dé ojú fóònù, àmì ohùn ti bọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Mo gbé e fún ìyá ìyá mi ní Ṣakí kí wọ́n bá mi dán an wò. Wọ́n kà á, wọ́n tẹ “rárá”, wọ́n dáhùn èyí tó kù, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi. Mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, ìrora mímu kẹ̀? Àgbo ni à ń mu. Ta ló ń mu ìrora?”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi wọ́n léèrè ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ: ǹjẹ́ ohunkóhun ń gún yín, Màmá? Wọ́n ní orúnkún kì í gún wọn, ríro ló ń ro wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àyà ni ó máa ń gún wọn bí wọ́n bá ru nǹkan gun òkè, ó ti tó oṣù mẹ́ta. Wọn kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan nítorí kò sí ẹni tó bi wọ́n. Lórí fóònù mi, “rárá” ni ó wà níbẹ̀. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì.

Àṣìṣe náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Èmi ni mo kọ ọ́. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe yán ìrora. Ìrora fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́, ara sì ni ó ń ṣe é fún. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe náà nìyí, pẹ̀lú ibi tí a ti sábà máa ń gbọ́ wọn:

gún: ìrora tó dà bí ìgbà tí nǹkan ṣóńṣó wọ ara. Ẹ̀gbẹ́ ń gún mi. Àyà ń gún mi. Èyí ni ó sún mọ́ sharp jù lọ.
ta: ìrora ojú awọ, bí ìgbà tí omi iyọ̀ kan egbò. Ojú egbò náà ń ta mí.
ro: ìrora tó jinlẹ̀ tí kì í tètè lọ. Eegun ń ro mí. Èyí kì í ṣe sharp. Òdìkejì rẹ̀ ni.
fọ́: ti orí nìkan ni. Orí ń fọ́ mi.
run: ti inú ni. Inú ń run mí.
jó: ìrora tó gbóná. Àyà ń jó mi lẹ́yìn oúnjẹ.

Àyà tó ń gún, àyà tó ń jó àti àyà tó ń ro kì í ṣe ohun kan náà, dókítà kò sì ní fi ọwọ́ kan náà mú wọn. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé ìlera kò gbọdọ̀ kọ “ìrora mímú”. Kí ó béèrè báyìí: “Ṣé ó ń gún yín ni, àbí ó ń ro yín, àbí ó ń ta yín, àbí ó ń jó yín?” Aláìsàn yóò yan èyí tó jẹ́ tirẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ láti kékeré ni.

Ohun mìíràn tún wà ní ilé ìwòsàn: sharps. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń pe gbogbo ohun tó lè gún tàbí gé ènìyàn ni, pàápàá èyí tí a ti lò. Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo tó kó wọn pọ̀. Dárúkọ wọn: “Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́, abẹ tàbí ìgò fífọ́ tí wọ́n ti lò.” Ẹni tó bá kọ “àwọn ohun mímú” ti sún mọ́ “àwọn ohun mímu”, inú omi àti ọtí ni ọkàn òǹkàwé yóò sì lọ.

ÀMÌ OHÙN

Kò sí ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn ṣe pàtàkì fún tó èyí. Bí a bá yọ àmì kúrò, “mu” kan ṣoṣo ni ó kù fún mu ti omi, mú ti ọwọ́, mú ti ọ̀bẹ, àti mu ti “bá a mu”. Ọ̀bẹ tí a fi ń gé nǹkan àti ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ iyán yóò di ohun kan náà. “Obe mimu” lè jẹ́ ọ̀bẹ mímú, ó sì lè jẹ́ ọbẹ̀ mímu. Ọ̀kan lè gé ọmọ lọ́wọ́, èkejì yóò yó o.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí òǹkàwé mọ̀. Àmì tí a fi sórí mú, àmì ohùn òkè, acute ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Láti inú èdè Látìn ni orúkọ yẹn ti wá, acutus, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tó mú. Ní òdìkejì ààlà lẹ́yìn Ṣakí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, accent aigu ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń lọ sí ilé-ìwé èdè Faransé ń pè é; aigu náà, ohun tó mú ni. Orí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí mímú ni àmì mímú jókòó sí.

Fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà: ú lè wà nínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, U+00FA, ó sì lè wà gẹ́gẹ́ bí u tí U+0301 tẹ̀ lé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ọ́ tó ní àmì sísàlẹ̀ kò ní àmì kan ṣoṣo rárá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ pẹ̀lú U+0301. Ẹ jẹ́ kí ètò yín sọ gbogbo wọn di irú kan kí ó tó wá ọ̀rọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tó tẹ mú yóò gbọ́ pé kò sí mú. Bí ẹnì kan bá sì tẹ mu láìsí àmì, ẹ fi gbogbo rẹ̀ hàn án, kí ó fúnra rẹ̀ yàn.

Irú àkíyèsí yìí kan orúkọ agbègbè náà. Òkè-Ògùn ni, odò Ògùn ni a fi sọ ọ́. Kì í ṣe Ògún òrìṣà irin, bí àwọn alágbẹ̀dẹ tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÓ SÚN MỌ́ Ọn

Keen: ó lè túmọ̀ sí mú fún ọ̀bẹ nínú ìwé àtijọ́, ṣùgbọ́n lónìí, ìtara ni ó sábà máa ń jẹ́. “Ó ń hára gàgà láti lọ” tàbí “ó ní ìtara” ni kí a kọ.

Acute: fún àìsàn, kì í ṣe pé àìsàn náà le ni ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, bí kò ṣe pé ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, kò sì tíì pẹ́. “Àìsàn òjijì” ni. Òdìkejì rẹ̀ ni “àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́”. Fún igun nínú ìṣirò, igun tí kò tó ìwọ̀n 90 ni.

Pointed: rí ṣóńṣó, fún ohun tí a lè fi ojú rí. Fún ọ̀rọ̀, “ó fi ọ̀rọ̀ náà gún un” tàbí “ó pa òwe mọ́ ọn” ni.

ÒWE

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó gbọ́n tó sì lágbára, láti rán an létí pé ó nílò ẹlòmíràn. Ó bá iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ mu pẹ̀lú. Ọmọ bíbí Òṣoògùn, ìlú kan ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, ni Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821 tó sì gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí apá kan, tí a ń fi ti Yorùbá sí èkejì. Iṣẹ́ tó kù fún àwa tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni láti kúrò nídìí ìwé, kí a lọ bi ẹni tó ń sọ èdè náà léèrè pé: bí ó bá ń ṣe ọ́, báwo ni o ṣe ń pè é?